John Clare, Akéwì tí Ó Fi Ẹsẹ̀ Mọ Abúlé Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa bá rí ààyè dé Ìlú Ọba, ohun tí ó sábà máa ń fẹ́ rí ni London: ààfin ọba, àwọn afárá, àti àwọn ilé ìtajà ńláńlá. Àwa kò bá a wí. Ṣùgbọ́n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe London nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará oko ibẹ̀ ti ń gbé ní ayé àtijọ́, kí ó wọ ọkọ̀ ojú-irin lọ sí Peterborough, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí abúlé kan tí à ń pè ní Helpston, ìrìn bí i máìlì mẹ́fà tàbí méje. Òkúta ni wọn fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, koríko ni wọn sì fi bo orí òmíràn nínú wọn. Àgbélébùú òkúta kan dúró ní àárín abúlé, ṣọ́ọ̀ṣì St. Botolph sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí àwa ìbá fẹ́ kí ó mú wa rìn kiri níbẹ̀ ti kú láti ọdún 1864, ṣùgbọ́n a kò tí ì gbọ́ pé ẹlòmíràn mọ ọ̀nà ibẹ̀ tó o. Orúkọ rẹ̀ ni John Clare.

A bí i ní ọjọ́ 13 oṣù July, ọdún 1793. Ìbejì ni, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀, tí ó jẹ́ obìnrin, kú ní ìkókó. Bí ó bá ṣe ilẹ̀ wa ni, àwọn baba wa ìbá ti gbẹ́ ère fún un. Baba rẹ̀, Parker Clare, jẹ́ òṣìṣẹ́ oko tí ń fi igi lu ọkà fún àwọn olóko. Ìyá rẹ̀ kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó pinnu pé ọmọ òun yóò mọ̀ ọ́n. Oṣù díẹ̀ nínú ọdún, nígbà tí owó bá wà, ni ọmọ náà ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyókù ọdún, oko ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Glinton, abúlé kejì sí tiwọn, ni ó ti mọ Mary Joyce, ọmọbìnrin olóko kan tí ó rí já jẹ. Ìfẹ́ wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n kò yọrí sí ìgbéyàwó. Kí òǹkàwé fi orúkọ ọmọbìnrin yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Nígbà tí Clare ṣì kéré púpọ̀, ó rí ọ̀dàn ńlá kan tí à ń pè ní Emmonsales ní òkèèrè, ó sì rò pé níbi tí ojú ọ̀run ti kan ilẹ̀ yẹn ni ayé parí sí. Ní òwúrọ̀ kan ó dìde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń lọ láti wo ìpẹ̀kun ayé, bí ẹni tí yóò dúró létí kòtò kí ó sì bẹjú wò ó. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí òdòdó kò jẹ́ ti ibi tí ó mọ̀ mọ́, tí àwọn ẹyẹ dàbí àjèjì, tí oòrùn pàápàá sì dàbí ẹni pé ó ti kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì padà. Nígbà tí ó fi délé, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò sì ti ń wá a kiri. Ó rántí ọjọ́ náà títí ó fi dàgbà, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Bí i ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ó rí ìwé ewì James Thomson lórí àwọn ìgbà ọdún lọ́wọ́ ahunṣọ kan. Ìwé náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó wá owó, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Stamford láti ra tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti ìlẹ̀kùn ilé ìtàwé. Nígbà tí ó tún fẹ́ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, ó san owó díẹ̀ fún ọmọkùnrin mìíràn kí ó bá a ṣọ́ ẹṣin tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń padà bọ̀, kò lè dúró dé ilé kí ó tó ka ìwé náà. Ó fo ògiri ọgbà Burghley, ilẹ̀ ìjòyè ńlá kan, ó jókòó sínú rẹ̀, ó kàwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ewì tirẹ̀. Láti ìgbà náà, nínú oko ni ó ti ń kọ ewì, tí òkè fìlà rẹ̀ sì jẹ́ tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀. Inú ihò ògiri ni ó ń tọ́jú ìwé wọ̀nyí sí. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́, a sì máa fi wọ́n dáná.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ṣe ọkùnrin yìí nígbẹ̀yìn, ó yẹ kí a sọ bí ilẹ̀ Helpston ti rí nígbà èwe rẹ̀. Ní apá kan ni àbàtà títẹ́jú wà, ní apá kejì ni ọ̀dàn àti igbó. Láàrin wọn ni oko ńlá mẹ́ta wà tí àwọn ará abúlé jọ ń dá láìsí ọgbà láàrin wọn, bí ti ẹnì kan bá parí ni ti ẹnìkejì bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àjùmọ̀ní wà pẹ̀lú, níbi tí tálákà lè da màlúù rẹ̀ kan sí, tí opó lè ṣẹ́ igi ìdáná, tí àwọn Gypsy, àwọn ènìyàn tí ń ṣí kiri láìní ilé, sì lè pàgọ́ sí. Clare mọ gbogbo ibẹ̀ bí ẹni mọ yàrá rẹ̀: Swordy Well, níbi tí a ti ń wa òkúta láti ayé àtijọ́, Round Oak, níbi tí omi ti ń sun, Langley Bush, igi ẹlẹ́gùn-ún arúgbó kan tí àwọn ará àgbègbè ti ń péjọ sí abẹ́ rẹ̀ fún ìdájọ́ láti ìgbà pípẹ́. Nínú Royce Wood, ó mọ ibi tí nightingale, ẹyẹ tí ń kọrin lóru, ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Ó mọ ewé gbígbẹ tí ó fi ń ṣe ìtẹ́ náà, àti àwọ̀ ẹyin rẹ̀. Àwọn tí wọn ń ṣe ìwádìí ẹyẹ lónìí ṣì ń wo ohun tí ó kọ sílẹ̀.

Ní ọdún 1809, Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin pé kí a pín ilẹ̀ Helpston àti ti àwọn abúlé tí ó yí i ká, kí olúkúlùkù onílẹ̀ gba tirẹ̀ sójú kan, kí ó sì sọ ọgbà yí i ká. Ó tó ọdún 1820 kí ìwé ìpín náà tó parí. Àwọn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ wí pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ mú kí irè oko pọ̀ sí i, àwa kò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ kò rí ohun kan gbà. A gé igi lulẹ̀, a na ọ̀nà tuntun gbọọrọ, a sì gbé pátákó kọ́ pé àlejò kò gbọdọ̀ kọjá. Òǹkàwé wa tí ọ̀ràn ilẹ̀ ìdílé ti gbé dé kóòtù rí yóò mọ bí ó ti ń dun ènìyàn tó, tí a bá sọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé ọ̀nà tí baba rẹ̀ ń gbà lọ sí oko ti di ti ẹlòmíràn. Èyí tí ó tún dùn wá jù ni pé nítorí àtijẹ, Clare fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ láàrin àwọn tí ń ṣe ọgbà náà. Ọwọ́ tí ó kọ ewì ìbínú sí ọgbà ni ó gbin ẹ̀gún rẹ̀.

Ní oṣù January ọdún 1820, John Taylor, tí ó tẹ ìwé Keats, tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí Clare ṣe jáde ní London. Ìwé náà tà ju 3,000 lọ kí ọdún tó yí po. Ní oṣù March ọdún kan náà ni ó gbé Martha Turner, tí wọn ń pè ní Patty, níyàwó. Àwọn ọlọ́lá dá owó jọ fún un tí ó fi ń rí bí i £45 lọ́dún, wọ́n pè é wá sí London, ó sì lọ ní ìgbà mẹ́rin. Ẹnu ya àwọn ènìyàn pé ẹni tí ń roko lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn olówó ń dé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ránṣẹ́ pè é láti oko kí wọn lè wò ó, wọn a sì lọ. Owó iṣẹ́ ọjọ́ náà a sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjòyè kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bínú sí àwọn ìlà tí ó fi bú ọrọ̀ àti àwọn olówó, a sì yọ wọ́n kúrò nígbà tí a tún ìwé náà tẹ̀. Àwa tí a ń jẹun nídìí gègé mọ bí irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ ti ń rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ràn tiwa ni a ń sọ.

Òkìkí náà kò pẹ́. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1821 kò tà tó ti àkọ́kọ́, ti ọdún 1827 sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, ilé kò gbà wọ́n mọ́. Ní ọdún 1825, bí ó ti ń rìn nítòsí Royce Wood, ó bá àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà ọkọ̀ ojú-irin, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lọ, ṣùgbọ́n kí ó tó kú ni rélùwéè ti gba Helpston kọjá.

Ní ọdún 1832, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ wá ilé tí ó tóbi fún un, pẹ̀lú ilẹ̀ díẹ̀, ní Northborough. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Northborough kò ju máìlì mẹ́ta lọ sí Helpston. Ẹni tí ń gbé ẹrù lọ sí ọjà ní ilẹ̀ wa kò ní pe èyí ní ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n etí àbàtà ni, kò sí igbó, kò sí ọ̀dàn, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kì í ṣe àwọn tí ó mọ̀. Clare tún di ọmọ kékeré nì tí ó ń wá ìpẹ̀kun ayé, ṣùgbọ́n ní ọ̀tẹ̀ yìí kò rí ọ̀nà padà. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dàrú. Ní ọdún 1837, a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní High Beach, nínú igbó Epping, nítòsí London.

Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé òun ti gbé Mary Joyce níyàwó ṣáájú Patty, ó sì ń pòǹgbẹ láti rí i. Àwọn Gypsy kan ṣèlérí láti ràn án lọ́wọ́ kí ó lè sá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé àgọ́ wọn, wọ́n ti lọ, ó kù fìlà ògbólógbòó kan nílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù July, ọdún 1841, ó dá ìrìn náà bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ilé rẹ̀ ju 80 máìlì lọ, kò sì ní kọ́bọ̀ kan lápò. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó sùn lórí koríko gbígbẹ nínú ahéré kan, ó sì kọ orí sí ìhà àríwá kí ó lè mọ ibi tí òun ń lọ nígbà tí ó bá jí. Ẹnì kan tí ó gun ẹṣin ju kọ́bọ̀ kan sí i, ó sì fi ra ọtí bíà díẹ̀ mu. Bàtà rẹ̀ já, òkúta wẹ́wẹ́ ń wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ebi pa á tán, ó já koríko ẹ̀bá ọ̀nà jẹ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó jọ àkàrà òyìnbó lẹ́nu. Ní alẹ́ kan inú kòtò etí ọ̀nà ni ó sùn, ara rẹ̀ sì tutù fún omi.

Ní ọjọ́ kẹrin, nítòsí Peterborough, àwọn ará Helpston tí wọn ń kọjá nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mọ̀ ọ́n, wọ́n ju kọ́bọ̀ márùn-ún sí i, ó sì ra àkàrà àti wàràkàṣì. Bí ó ti ń tiro lọ, kẹ̀kẹ́ mìíràn dé, obìnrin kan fò sílẹ̀ láti inú rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kí ó gòkè wá. Clare rò pé ọtí ń pa obìnrin náà tàbí pé orí rẹ̀ kò pé. A sọ fún un pé Patty ni, ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó bèèrè Mary. Wọ́n sọ fún un pé Mary ti kú, òtítọ́ sì ni, ó ti kú láti ọdún 1838, láìlọ́kọ. Kò gbà wọ́n gbọ́. Ó jókòó, ó kọ gbogbo ìrìn náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ọ́ sí Mary.

Kò pé oṣù mẹ́fà nílé. Kí ọdún 1841 tó parí ni a ti mú un lọ sí ilé ìtọ́jú mìíràn ní Northampton, níbẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú. Wọn ṣe é dáradára níbẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ a gbà á láyè láti rìn lọ sí ìgboro, a sì máa jókòó ní ìloro ṣọ́ọ̀ṣì All Saints, níbi tí ó ti ń kọ ewì fún ẹni tí ó bá fún un ní tábà. Alábòójútó kan ní ilé náà ṣe ẹ̀dà àwọn ewì rẹ̀ ìgbà náà, wọ́n ju 800 lọ. Bí kò bá sí ti ọkùnrin náà, púpọ̀ nínú wọn ìbá ti ṣègbé. Clare kú ní ọjọ́ 20 oṣù May, ọdún 1864, ẹni ọdún 70. A gbé òkú rẹ̀ lọ sí Helpston, a sì sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St. Botolph.

Ilé tí a bí i sí ṣì wà. Ní ọdún 2005 a rà á fún gbogbo ènìyàn láti máa wọ̀ wò. Swordy Well ti di ibi tí a ń dáàbò bo ẹyẹ àti òdòdó, àlejò sì lè rìn wọ ibẹ̀. Nígbà ayé Clare, àwọn ará abúlé a máa gé koríko pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ bí ìrọ̀rí, wọn a ki òdòdó oko sínú rẹ̀, wọn a sì gbé e sínú ilé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fẹ́ fi orúkọ ìrọ̀rí náà pe ìwé rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò rí i tẹ̀. Ọdún 1979 ni a tó tẹ̀ ẹ́ bí ó ti fi sílẹ̀. Ní oṣù July ọdọọdún, nítòsí ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Helpston ń ṣe ìrọ̀rí koríko bẹ́ẹ̀, wọn a sì tò wọ́n yí ibojì rẹ̀ ká.