Ferranti: Ẹni Tó Gba Abẹ́ Ilẹ̀ Gbé Iná Wọ Lọ́ńdọ̀nù

Bí olùkọ́ bá ti dárúkọ Ferranti nínú kíláàsì, Ferranti effect ló ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, ìyẹn ìbéèrè tí kì í wọ́n nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n èèyàn ni kó tó di ìbéèrè ìdánwò, ọmọ ọdún 23 péré sì ni nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1864 ni wọ́n bí Sebastian Ziani de Ferranti ní ìlú Liverpool. Ayafọ́tò ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ dùùrù. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Siemens ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì fi máa di 1882, ó ti ṣe jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ní 1886 ó di ọ̀gá ẹ̀njiníà ní Grosvenor Gallery, ilé àfihàn àwòrán tó ń ta iná fún àwọn aládùúgbò. Orí òrùlé ni wáyà wọn ń gbà, ní 2,400 volt.

Lọ́dún 1887 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ láti tan iná sí Lọ́ńdọ̀nù. Deptford, létí odò Thames, ni Ferranti fẹ́ kọ́ ọ sí: ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n, omi wà, ọkọ̀ ojú omi sì lè já èédú síbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó jìnnà sí àárín ìlú, tó nǹkan bíi máìlì 7. Ó wá pinnu láti lo 10,000 volt. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí agbára tí à ń gbé bá dọ́gba, kọ́rẹ́ńtì á dín sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin, èyí tó ń ṣòfò nínú wáyà á sì dín sí nǹkan bí ìdá 17.

Wáyà ọjà ìgbà náà kò lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́ra, ló bá ṣe tirẹ̀. Ó ki páìpù bàbà kan sínú òmíràn, bébà tí wọ́n rì sínú ìda sì wà láàárín méjèèjì. Ó tún fi bébà wé e, ó sì ki gbogbo rẹ̀ sínú páìpù irin. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni gígùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìsopọ̀ 264 ló wà nínú máìlì kan. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè ni wọ́n tẹ́ ọ̀pọ̀ wọn gbà.

Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn: bí òṣìṣẹ́ bá fi dígà gún un ńkọ́? Ferranti ní kí òṣìṣẹ́ kan di irin mímú mú, kí èkejì fi òòlù gbá a wọ inú wáyà tí iná wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹni náà, torí pé bàbà ìta, tí wọ́n ti so mọ́ ilẹ̀, ni irin náà kọ́kọ́ kàn.

Síbẹ̀, nǹkan kò rọgbọ. Ní 1889 ìjọba pín Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, èyí tó kan tiwọn kò sì tó ohun tí wọ́n retí. Ní oṣù kọkànlá 1890 iná jó ibùdó Grosvenor Gallery, oníbàárà sì sá lọ. Ferranti kúrò níbẹ̀ ní 1891.

Àwọn wáyà yẹn ni wọ́n ti rí i pé volt tó ń dé òpin ju èyí tó kúrò ní Deptford lọ. Wáyà gígùn náà ń ṣe bíi kapásítọ̀, ohun tí a fi orúkọ rẹ̀ pè nìyẹn.

Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀njiníà iná ní Bìrìtéènì, Royal Society sì gbà á wọlé ní 1927. Ó kú ní Zürich ní oṣù kìíní 1930. Wáyà Deptford ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di 1933.

Ẹ̀yin tó ń lọ IT, ẹ rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ́ wáyà ńláńlá ní párálẹ̀lì sábẹ́ ilẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ wà nínú páìpù irin kan náà lọ́dọ̀ Ferranti, mágínẹ́ẹ̀tì wọn sì ń pa ara wọn rẹ́, irin kò gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà lónìí: kí gbogbo phase àti neutral wà pọ̀ nínú páìpù irin kọ̀ọ̀kan, kí gígùn wọn sì dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan á máa ru ẹrù èkejì.