Àjàyí Ọmọ Òṣogùn: Ẹni Tí Ó Fi Ẹjọ́ Rẹ̀ Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́

Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté Iwofe, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Port Harcourt, yóò rí odò New Calabar bí ó ti ń ṣàn lọ sí òkun, yóò sì rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń kó èrò lọ sí àwọn ìlú Kalabari. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ oòjọ́ gbé dé Ìpínlẹ̀ Rivers ni ó ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kan ti ń rìn lójú omi agbègbè náà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dá ìlú Port Harcourt sílẹ̀ ní ọdún 1912. Orúkọ ọkùnrin náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n nítorí ipa tí ó kó nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ pé ẹkún ni ó sun ní kékeré, àti pé ẹ̀gàn ni wọ́n fi san oore fún un ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó dojú bolẹ̀ wá sáyé, ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ Àjàyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun dé bá Òṣogùn lójijì. Wọ́n tiná bọ ìlú, wọ́n sì kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì lẹ́rú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, títí ìyá àti ọmọ fi pínyà. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò ta òun fún àwọn Potogí bá ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìbàdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ohun tí ó ń bẹ̀rù náà sì dé bá a: ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó ni ó bọ́ sí nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so òun àti àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn mẹ́tàdínláàádọ́wàá. Ọkọ̀ náà kò rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, fi gbá a mú. Wọ́n kó àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó fẹ́ Asano, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n sì ń pè ní Susan lẹ́yìn ìrìbọmi. Ní ọdún 1843, wọ́n fi Àjàyí jẹ àlùfáà ní ìlú Lọ́ńdọ́nù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́. Kò tíì pé oṣù kan níbẹ̀ tí ìyá arúgbó kan fi wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àfàlá, ìyá rẹ̀, ni. Ó gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, kò sì gbà á gbọ́ títí ó fi rí i. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀, omijé nìkan ni ó ń dà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánnà. Ìdáhùn Ọlọ́run nìyí tí Àjàyí fojú ara rẹ̀ rí.

Ìgbà tí ó kù nínú ayé rẹ̀, lójú omi Ọya àti ẹnu òkun ni ó lò ó jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìjọsìn ńlá Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bonny, ní ìpè Ọba William Pepple. Ó dé Brass ní ọdún 1868, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dé ilẹ̀ Kalabari. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú un mọ́lẹ̀ lẹ́bàá Ìdá, ó ń bèèrè owó ìràpadà. Nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀, ọfà pa aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà á. Ní Bonny, ní ọdún 1875, wọ́n pa onígbàgbọ́ kan tí ń jẹ́ Joshua Hart nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà. Inú odò ni wọ́n jù ú sí. Ẹrú ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe inúnibíni sí, Bíṣọ́ọ̀bù wọn náà sì mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe lára ènìyàn.

Susan aya rẹ̀ kú ní ọdún 1880. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1883. Àjàyí di opó àti ọmọ òrukàn ní àgbà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tí ó burú jùlọ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ní ọdún 1890, Ẹgbẹ́ C.M.S. rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ọya. Ẹkùn Bíṣọ́ọ̀bù náà gbòòrò púpọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ pé díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára èpò. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n dá àwọn àlùfáà adúláwọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú Bíṣọ́ọ̀bù wọn, tí ó fi dé orí Dandeson, ọmọ tí ó bí, tí ó jẹ́ olórí àwọn àlùfáà ní ẹkùn Delta. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó, ó ń wo àwọn tí kò tó ọmọ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń wó ilé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ó dìde, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Kò gbé ẹnikẹ́ni ṣépè. Kò kúrò nínú ìjọ tí ó tọ́ ọ dàgbà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fara mọ́ ètò kí àwọn ìjọ Delta máa fi owó ara wọn bọ́ ara wọn, kí wọ́n má baà wà lábẹ́ àṣẹ àwọn tí ń kẹ́gàn wọn. Bí ó ti ń ṣe èyí ni àìsàn ẹ̀gbà kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Títí ó fi kú, kò sí ẹni tí ó dá a láre.

Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ Delta dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, Dandeson ni ó sì ṣe olórí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rọ́pò Àjàyí ní ipò Bíṣọ́ọ̀bù. Ó di ọdún 1952, nígbà tí A. B. Akínyẹlé di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, kí ọmọ Nàìjíríà tó tún ní ẹkùn tirẹ̀ nínú ìjọ náà. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2014, àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n fi Àjàyí jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, dúró nínú ilé ìjọsìn kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ìwà tí wọ́n hù sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àjàyí dúró de Ọlọ́run. Ti àkọ́kọ́, ó dúró fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì rí ìyá rẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó kú kí ìdáhùn tó dé. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ní nígbà tí ó rí ìdáhùn náà ni ó ní nígbà tí kò rí i. Èyí ni ó yẹ kí ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ àjèjì fi sọ́kàn, ẹni tí ìròyìn ikú òbí bá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí kò sì rí alágbàwí. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ojú olùpẹ̀jọ́ ń rí òpin rẹ̀. Ọba adákẹ́dájọ́ kò sì torí bẹ́ẹ̀ gbàgbé ọ̀kankan. Omi tí ó ń kọjá ní Iwofe kì í dúró kí ẹni tí ó ń wò ó rí i bí ó ti ń wọ òkun, síbẹ̀ òkun ni ó ń lọ.