Jacques-Yves Cousteau

Jacques-Yves Cousteau (ọjọ́ 11 Oṣù Kẹfà ọdún 1910 – ọjọ́ 25 Oṣù Kẹfà ọdún 1997) jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Fránsì, ológun ojú omi, amòòkùn, olùṣe fíìmù àti olùṣèwádìí òkun. Òun àti onímọ̀-ẹ̀rọ Émile Gagnan ni wọ́n jọ ṣe régúlétọ̀ ìmí tí a mọ̀ sí Aqua-Lung ní ọdún 1943. Ẹ̀rọ yìí mú kí ó ṣeé ṣe fún ènìyàn láti pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, kí ó sì máa mí lábẹ́ omi láìsí ọ̀pá rọ́bà tí ó so ó mọ́ ọkọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Wọ́n bí Cousteau ní Saint-André-de-Cubzac, nítòsí Bordeaux. Ní ọdún 1930, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ojú omi ní Brest. Awakọ̀ òfurufú ni ó fẹ́ dà nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìjàǹbá ọkọ̀ tí ó ṣe é lápá ní ọdún 1936 fi òpin sí èrò yìí. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ ní òkun Toulon kí apá rẹ̀ lè padà lágbára. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Philippe Tailliez, ti fún un ní awò tí a fi ń ríran lábẹ́ omi, ohun tí ó rí sì yí ọkàn rẹ̀ sí òkun. Ní ọdún 1937, ó fẹ́ Simone Melchior, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní Air Liquide, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe gáàsì inú sílíńdà. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, Jean-Michel àti Philippe.

Ìṣẹ̀dá régúlétọ̀ náà

Ṣáájú àkókò yìí, ọ̀pọ̀ amòòkùn ní láti dé àṣíborí irin wíwúwo, kí àwọn tí ó wà lókè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn. Yves Le Prieur ti ṣe ẹ̀rọ tí ó ní sílíńdà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni amòòkùn fi ń ṣí i, afẹ́fẹ́ púpọ̀ sì ń ṣòfò. Cousteau dán ọ́síjìn lásán wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gìrì mú un lábẹ́ omi, díẹ̀ ló sì kù kí ó kú.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1942, ó pàdé Gagnan, òṣìṣẹ́ Air Liquide, ní Paris. Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n, Gagnan sì ti ṣe fáàfù kékeré kan tí ń fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní gáàsì ní ìwọ̀n tí ó nílò. Wọ́n tún un ṣe fún ìmí ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ régúlétọ̀ orí sílíńdà gáàsì ìdáná ti mọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀: ó ń sọ agbára ńlá inú sílíńdà di ìwọ̀nba. Ìdajì kejì ni pé kì í ṣí àfi bí amòòkùn bá fa èémí, agbára afẹ́fẹ́ tí ó ń fún un sì bá ti omi tí ó yí i ká dọ́gba.

Ní Oṣù Kìíní ọdún 1943, nínú òtútù, wọ́n dán an wò ní odò Marne. Bí Cousteau bá dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ a máa tú dànù. Bí ó bá dorí kodò, èémí a ṣòro fà. Wọ́n rí i pé ojú ibi tí èémí ń gbà jáde kò bá ti awọ rọ́bà tí ń ṣí fáàfù dọ́gba. Wọ́n kó méjèèjì sí ojú kan, àléébù náà sì tán. Ní Oṣù Kẹfà, ó fi í mòòkùn nínú òkun ní Bandol.

Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ ọdún 1946, òun àti Frédéric Dumas wọ ìsun omi jíjìn Fontaine de Vaucluse. Orí wọn dàrú nísàlẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n má padà wá. Maurice Fargues tí ó di okùn mú lókè ló fa Cousteau jáde. Régúlétọ̀ wọn kò ní àléébù. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi kún sílíńdà ló fa èéfín ara rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ náà. Irú gáàsì olóró yìí ló ń pa ìdílé tí ó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Fargues fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1947 nígbà tí ó ń mòòkùn jíjìn.

Calypso àti òkun yìnyín

Ní ọdún 1948, Cousteau wà lára àwọn tí ó bá Auguste Piccard dán ọkọ̀ abẹ́ omi FNRS-2 wò ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, nítòsí Dakar àti erékùṣù Cape Verde. Láti ọdún 1950 ni ó ti ń lo ọkọ̀ Calypso. Fíìmù Le Monde du silence, tí òun àti Louis Malle ṣe, gba àmì-ẹ̀yẹ Palme d'Or ní Cannes ní ọdún 1956. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu pípa ẹja nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, Cousteau di agbẹjọ́rò fún òkun. Ní ọdún 1960, ó tako dída ìdọ̀tí atọ́míìkì sínú Òkun Mẹditaréníà.

Ní ọdún 1972 sí 1973, Calypso gbé e dé Antarctica, àwọn amòòkùn rẹ̀ sì wọ omi láàrín àwọn òkè yìnyín. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tí ó le jù fún régúlétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá jáde láti inú sílíńdà tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí bar 200 máa ń tutù gan-an bí ó ti ń fẹ̀. Ní odò Ògùn ní Abẹ́òkúta, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò tètè mú ẹ̀rọ náà gbóná padà. Nínú omi tí ó súnmọ́ 0 °C, yìnyín lè dì yí sípíríǹgì ká, kí fáàfù há ní ṣíṣí, kí afẹ́fẹ́ sì tú dànù tán láàrín ìṣẹ́jú díẹ̀. Régúlétọ̀ Cousteau àti Gagnan, tí ó ní ọ̀pá rọ́bà méjì, ní àǹfààní kan níbí: ẹ̀yìn ọrùn ni fáàfù rẹ̀ wà, ọ̀rinrin èémí amòòkùn kì í sì í dé ibẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn àti ogún rẹ̀

Philippe ọmọ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú nítòsí Lisbon ní ọdún 1979. Simone kú ní ọdún 1990. Cousteau fẹ́ Francine Triplet ní ọdún 1991, ó sì kú ní Paris ní ẹni ọdún 87. Ìlú tí wọ́n ti bí i ni wọ́n sin ín sí. Gagnan ti kó lọ sí Montreal, ní Kánádà, láti ọdún 1947, ó sì ń bá iṣẹ́ régúlétọ̀ lọ níbẹ̀.

Ìlànà EN 250 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi ìlà pààlà sí 10 °C lónìí. Régúlétọ̀ tí a kọ >10 °C sí lára kì í ṣe ti omi tútù. Èyí tí ó jẹ́ ti omi tútù gbọ́dọ̀ yege nínú omi tí kò ju 4 °C lọ. Ẹni tí ó ń yan ọ̀kan máa ń wo bóyá a ti dí ibi tí sípíríǹgì wà kí omi má bàa kàn án, àti bóyá irin ni apá tí ó wà lẹ́nu, nítorí irin ń gba ooru láti inú omi ju ike lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni a ń kún sílíńdà, a kì í sì í mí nínú ẹ̀rọ náà kí a tó wọ omi. Lábẹ́ yìnyín, régúlétọ̀ méjì lórí fáàfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni amòòkùn ń gbé, kí ó lè ti èyí tí ó bá dì, kí ó sì fi èkejì mí títí yóò fi dé òkè.