Àjàyí Crowther: Ẹni Tó Kọ́ Àdúrà Lẹ́ẹ̀mejì

Gbogbo wa la mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ò mọ bó ṣe kọ́ àdúrà.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣoògùn. Ní 1821, ogun akóniléru wọ ìlú náà, wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá. Wọ́n ya wọ́n, wọ́n sì ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó kó wọn lọ sí Sàró.

Níbẹ̀ ló ti kọ́ ìwé. Láàárín bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun! Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ́ àdúrà nígbà àkọ́kọ́.

Ní 1843, ó di àlùfáà. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, èrò sì pọ̀. Ẹ wò ó, ọkùnrin tó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yìí wá rí i pé lọ́jọ́ náà, òun dà bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Kò tìtorí ẹ̀ padà sẹ́yìn o. Ó túmọ̀ Ìwé Àdúrà sí Yorùbá, òun àti àwọn mìíràn sì túmọ̀ Bíbélì. Odindi rẹ̀ jáde ní 1884.

Ní 1846, lẹ́yìn bí ọdún 25, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àdúrà wà, báwo ni ìyá àgbà yẹn ì bá ṣe gbà á?

Ní 1864, Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pè wá jáde láti gbàdúrà ní asẹ́ńbìlì, tí Gẹ̀ẹ́sì bá há wa lẹ́nu, ká má ṣe dákẹ́. Yorùbá wà ńlẹ̀. Ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ fún wa.