Don Bosco: fádà tó fi iṣẹ́ olówó sílẹ̀ nítorí ọmọ ìgboro

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Turin, Milan, Verona tàbí Padua, ó dájú pé ẹ ti rí orúkọ Don Bosco rí, yálà lára ògiri ilé-ìwé ni tàbí lẹ́nu ọ̀nà oratorio tí àwọn ọmọ yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọjá níbẹ̀ láì bèèrè irú èèyàn tí bàbá náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa níbí, òun náà rí nínú ẹ̀.

Giovanni Bosco lorúkọ rẹ̀. Ní 16 August 1815 ni wọ́n bí i ní abúlé Becchi, nítòsí Castelnuovo, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Turin. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ìyá rẹ̀, Margherita, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, ló dá tọ́ ọmọkùnrin mẹ́ta. Antonio, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìyàwó àkọ́fẹ́ bí, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé kíkà sétí, ọkọ́ ló ní kí gbogbo wọn gbá mú. Ìyẹn ló jẹ́ kí Giovanni kúrò nílé ní 1828 lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lóko olóko. Nígbà tó wá ráyè kàwé ní Castelnuovo àti Chieri, ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ díẹ̀, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ nílé kọfí kó tó rówó jẹun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tó mọ ìyà ló kọ owó.

Ní 5 June 1841, ó di fádà. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó sì dáa jù níbẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà nílé àwọn ọlọ́lá kan ní Genoa, tí wọ́n máa san 1,000 lire lọ́dún. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdúpẹ́ là bá ti ṣe, ká pe ẹbí jọ. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé tó bá di fádà olówó, òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀ láéláé. Giovanni kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gba Turin lọ láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i lọ́dọ̀ Fádà Cafasso.

Cafasso mú un wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tó rí níbẹ̀ dẹ́rù bà á: ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ìdun ń jẹ, tí ebi ń pa. Wọ́n á dá wọn sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á tún fi padà wá, torí kò sẹ́ni tó ń dúró dè wọ́n níta. Àtìpó ni ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílùú náà, wọ́n wá láti Biella, láti Novara àti láti ìhà Milan láti wá ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ní 8 December 1841, ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì fi igi lé ọ̀kan nínú wọn jáde, Bartolomeo Garelli, ọmọ òrukàn láti Asti. Bosco ní kí wọ́n lọ pè é padà, ó bá a sọ̀rọ̀, ó ní kó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n sì wá.

Ní 1844, ó ríṣẹ́ fádà nílé ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin tí Marchesa Giulia di Barolo dá sílẹ̀, 600 lire lọ́dún. Ká má purọ́, èèyàn dáadáa lobìnrin yìí, opó olówó tó ń náwó lórí àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bosco ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ariwo wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Wọ́n lé wọn níbí, wọ́n lé wọn lọ́hùn-ún. Àwọn fádà kan tiẹ̀ rò pé orí rẹ̀ ti yí, a gbọ́ pé méjì gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wá láti gbé e lọ sílé wèrè. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ní kí awakọ̀ máa gbé wọn lọ!

Ní 1846, Marchesa ní kó yan ọ̀kan, nínú iṣẹ́ òun àti àwọn ọmọ yẹn, ìlera rẹ̀ ò lè gba méjèèjì. Ó yan àwọn ọmọ. Lọ́dún yẹn kan náà ló háyà ahéré Pinardi ní Valdocco, bíi 300 lire lọ́dún, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀ kéèyàn tó lè nàró. Ní July, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó kù díẹ̀ kó kú. Ó lọ sinmi ní Becchi. Nígbà tó ń padà ní 3 November, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bá a fẹsẹ̀ rìn dé Turin. Nígbà tí oúnjẹ ò sí, ìyá náà ta ẹ̀gbà ọrùn àti aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà kan tí àwọn ọmọ tẹ ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fa aṣọ tó sá ya, ó di ẹrù, ó lóun ń lọ. Ọmọ rẹ̀ kàn nawọ́ sí àgbélébùú lára ògiri ni. Ó tú ẹrù, ó sì dúró títí tó fi kú ní 1856.

Ohun tó wú èmi lórí jù ni ìwé àdéhùn tó ń bá àwọn ọ̀gá ọmọṣẹ́ ṣe. Nínú ti 1852 kan tó wà títí dòní, ọ̀gá káfíńtà ò gbọ́dọ̀ na ọmọ, ẹnu ni kó fi bá a wí. Ó gbọ́dọ̀ sanwó fún un, kó sì jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ẹ wo bí ọmọṣẹ́ ṣe ń jẹ igbá nílé wa títí dòní! Láti 1853 ló ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: bàtà, aṣọ rírán, káfíńtà, ìwé títẹ̀.

Gbèsè ò tán lọ́rùn rẹ̀ títí tó fi kú ní 31 January 1888. Àwọn Salesian tó dá sílẹ̀ ní 1859 dé Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980, Àkúrẹ́ àti Oǹdó sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀.