Alan Turing àti Ọ̀nà Àtirí Àṣìṣe

Àṣìṣe tí ó bá tètè farahàn rọrùn láti tún ṣe. Èyí tí ó bá farapamọ́ ni ó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà àtirí àṣìṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ọdún 1912, ni a bí i ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó kọ́ ní Yunifásítì Cambridge. Ní ọdún 1936, ó fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ìlànà kan tí ó lè yẹ àkójọ àṣẹ yòówù wò, kí ó sì sọ tẹ́lẹ̀, láìkùnà, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò yọrí sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lára àwọn tí ó tú ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì ń fi ẹ̀rọ Enigma kọ. Ní ọdún 1948, ó lọ sí Yunifásítì Manchester, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní ayé wà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ó ka ìwé kúkúrú kan níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Cambridge. Ìṣirò àròpọ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ èsì nìkan, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ iye tí ó gbé láti ìlà kan sí èkejì, a lè yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, àṣìṣe yóò sì farahàn ní ibùjókòó rẹ̀. Bákan náà ni kí ẹni tí ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà máa sọ, ní àwọn ibi tí ó yẹ, ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀.

Àwọn tí ó fiyèsí ìwé náà kò pọ̀. Ní ọdún 1952, ilé-ẹjọ́ dá Turing lẹ́bi lábẹ́ òfin tí ó ka ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì sí ọ̀ràn nígbà náà. Ní ọdún 2013 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì tó dárí jì í. Ó ti kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, ọdún 1954, nígbà tí ó ku ọjọ́ 16 kí ó pé ọmọ ọdún 42. Ó di ọdún 1967 kí Robert Floyd, ará Amẹ́ríkà, tó tẹ irú èrò kan náà jáde.

Lónìí, àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí kì í béèrè bóyá iye ni orúkọ kan dúró fún tàbí ọ̀rọ̀. Kíkọ wọn yá, ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ ni àṣìṣe ń jáde, ibi tí iṣẹ́ sì ti ṣubú lè jìnnà sí ibi tí ó ti kọsẹ̀. Láti ọdún 2015, Python, ọ̀kan nínú wọn, ti fi ìlànà lélẹ̀ tí òǹkọ̀wé fi lè sọ irú ohun tí orúkọ jẹ́ ní apá tí ó bá wù ú, kí a lè yẹ apá náà wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Turing kọ́ ni ó ṣe ìlànà yìí, ṣùgbọ́n ó bá ìmọ̀ràn rẹ̀ mu: ẹni tí ó bá kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti ran ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.