Karl Imhoff àti Òórùn Omi Ìdọ̀tí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí mo bá ní n ó sọ ìtàn akọni, ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí Ògúnmọ́lá tàbí Kúrunmí. Òórùn ni ẹni tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí bá jà. Karl Imhoff ni orúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ará Jámánì ni. Bí kò tilẹ̀ mọ Èjìgbò, ohun tí ó bá jà kò jìnnà sí wa.

Ìlú Mannheim ni a ti bí i ní 1876. Ní 1906 ó lọ bá ẹgbẹ́ tí ń bójú tó odò Emscher ṣiṣẹ́ ní Essen. Agbègbè ìwakùsà èédú ni. Ilẹ̀ ń rì nítorí ihò abẹ́ rẹ̀, omi kò rí ibi ṣàn sí, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ sì ń dúró sójú kan. Ní 1901 ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun jà ní Gelsenkirchen tí ó wà níbẹ̀.

Nígbà náà, kòtò kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń da omi ìdọ̀tí sí kí ó lè silẹ̀. Kì í pẹ́ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gáàsì a máa hó bọ̀ lókè, a sì gbé èérí padà sínú omi tí ó ti fẹ́ mọ́. Omi tí kò rùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń wọlé a wá di arùngbìn nígbà tí ó bá ń jáde.

Dókítà Travis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ pín kòtò sí òkè àti ìsàlẹ̀, ó yẹ kí á fún un ní ìyìn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí díẹ̀ nínú omi tuntun máa gba ìsàlẹ̀ kọjá. Imhoff dí ọ̀nà yẹn pátápátá. Nínú kòtò tirẹ̀, omi ń gba yàrá òkè, tí ògiri rẹ̀ méjèèjì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá pàdé nísàlẹ̀, tí wọ́n fi àlàfo tóóró sílẹ̀ fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti bọ́ sí yàrá kejì. Ètè ògiri kan gùn ju èkejì lọ, ó nà sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà: gáàsì tí ń hó bọ̀ kò rí àlàfo gbà mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń yà sí, tí ó ń gba ojú ihò tirẹ̀ jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a wà nísàlẹ̀ fún oṣù púpọ̀ títí yóò fi jẹrà tán. Ohun tí ó jẹrà tán kì í rùn bí èyí tí ń jẹrà lọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀dà lásán.

Bí i ìdá méjì nínú mẹ́ta gáàsì náà ni méténì, tí kò ní òórùn rárá, tí ó sì ń jó. Èyí tí ó ní imí-ọjọ́ nínú ni ó ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n ń gba méténì yìí sínú páìpù ní Essen fún ìlò ará ìlú.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ní Èjìgbò àti Ìlawó, omi tí wọ́n tẹ̀ jáde lára ẹ̀gẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe gààrí ń ṣàn wọ gọ́tà. Ó kan, kíkan yìí kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò tí ń ṣe méténì ráyè ṣiṣẹ́. Òórùn nìkan ni ó ń kù. Mo ti rí ilé aláràbarà tí àwọn ará wa tí ó ti Abidjan dé kọ́, tí páìpù sọ́kàwéè rẹ̀ mọ sí ojú fèrèsé. Gáàsì tí a kò là lọ́nà kì í ṣe òórùn lásán, ó ń pa ẹni tí ó bá kó sínú kòtò láti gbá a. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Èjìgbò; mo rò pé iṣẹ́ omi ẹ̀gẹ́ yìí tọ́ sí wọn.

Imhoff tẹ ìwé rẹ̀ lórí omi ìdọ̀tí ìlú jáde ní 1907. Láti 1922 sí 1934 ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú odò Ruhr. Ó kú ní Essen ní 1965, ní ẹni ọdún 89. Emscher fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ gọ́tà gbangba nígbà náà. Ìparí ọdún 2021 ni wọ́n tó dẹ́kun dída omi ìdọ̀tí sínú rẹ̀.